Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Bátìrì àti Ẹ̀rọ Oníná fún Ọkọ̀ Ìṣeré Agun-Àpáta

Kókó tí ètò yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò lè dàbí eré ọmọdé létí ẹni tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìṣeré ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọkọ̀ ìṣeré yìí palẹ̀, ohun tí a óò bá nínú rẹ̀ ni ìmọ̀ iná mànàmáná, ìmọ̀ ìṣirò, àti ohun kan tí ó lè jó ilé mọ́ni lórí bí a bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ohun tí a ń pè ní ọkọ̀ agun-àpáta

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn kan wà tí ìgbafẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n wa ọkọ̀ gidi gun orí àpáta lọ. Ọ̀nà Rubicon ní ìpínlẹ̀ California àti àwọn àpáta pupa tí ó yí ìlú Moab ká ní ìpínlẹ̀ Utah wà lára àwọn ibi tí òkìkí wọn kàn jù lọ nínú eré yìí. Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ dé irú ibẹ̀ kì í sáré. Bí ìgbín ṣe ń rìn ni òun náà ń rìn. Yóò gbé táyà kan lé orí òkúta, yóò dúró wò ó, kí ó tó gbé èkejì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá sáré, yóò takìtì.

Láti inú eré ńlá yìí ni a ti rí ti kékeré. Wọ́n ṣe ọkọ̀ ìṣeré tí ó jọ ọkọ̀ gidi náà, tí ó ní táyà rọ́bà rírọ̀, tí iná bátìrì sì ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi. Rìmóòtù ni ẹni tí ó ni ín fi ń darí rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni èyí tí ilé-iṣẹ́ Traxxas ti ìpínlẹ̀ Texas gbé jáde ní ọdún 2017, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní TRX-4. Kì í ṣe àwọn ọmọdé nìkan ni ó ń fi irú ọkọ̀ yìí ṣeré. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ń ra á, wọ́n ń tú u, wọ́n sì ń tún un tò.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni ènìyàn ti ń fi afẹ́fẹ́ lásán ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ní ọdún 1898, Nikola Tesla gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré kan sínú omi ní gbọ̀ngàn Madison Square Garden ní ìlú New York, ó sì ń darí rẹ̀ láìsí okùn kankan láàárín òun àti ọkọ̀ náà. Ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ Tesla ní ọjọ́ náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ agun-àpáta lónìí: bátìrì tí ń pèsè agbára, ẹ̀rọ tí ń gba àṣẹ, ẹ̀rọ tí ń ti ọkọ̀ síwájú, àti èyí tí ń yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ohun tí ó yí padà ni bí wọ́n ṣe kéré tó, àti bí agbára inú bátìrì ṣe pọ̀ tó.

Ibi tí àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú eré yìí ni ó máa ń rò pé agbára ni gbogbo rẹ̀. Wọn a lọ ra bátìrì tí ó tóbi jù, wọn a ra ẹ̀rọ tí ó lágbára jù, wọn a kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ọkọ̀ kan, wọn a sì máa retí pé kí àpáta yẹ̀ fún wọn lọ́nà. Ohun tí wọ́n máa ń rí ni pé táyà ń yí lórí òkúta láìdi ohunkóhun mú, wáyà ń gbóná, ọkọ̀ sì ń dákú sí ibi tí ó le jù lórí òkè. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí a bá wá ọ̀rọ̀ kan tí ó bá ọkọ̀ agun-àpáta mu, èyí ni.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́ yìí kò ju gbólóhùn kan lọ: kì í ṣe ohun tí ó tóbi jù ni a ń yàn, ohun tí ó bá ara wọn mu ni. Bí bátìrì bá ju ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ yóò jó. Bí ẹ̀rọ bá ju ohun tí ń fún un ní iná lọ, ọkọ̀ yóò dákú. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á mú àwọn ẹ̀yà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì wo bí ọ̀kan ṣe ń bá èkejì lò. Lára ẹ̀rọ tí ń yí táyà ni a óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Bátìrì ni a óò fi kẹ́yìn, nítorí pé àwọn yòókù ni ó yẹ kí ó sọ irú bátìrì tí wọ́n fẹ́.

Ẹ̀rọ tí ń yí táyà

Nínú ẹ̀rọ ayítáyà, wáyà bàbà ni a wé mọ́ irin láàárín mágínẹ́ẹ̀tì. Iye ìgbà tí a wé wáyà náà ni wọ́n máa ń kọ sí ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi lẹ́tà T parí rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ 12T ni a wé ní ìgbà 12, èyí tí ó jẹ́ 35T ni a wé ní ìgbà 35. Bí ìgbà tí a wé e bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni eré rẹ̀ ṣe ń dín kù tó, tí áńpíà kọ̀ọ̀kan tí ó ń mu sì ń gbé ẹrù tí ó pọ̀ sí i. Ọkọ̀ tí a fi ń sáré ìje ni ó nílò 12T. Ọkọ̀ agun-àpáta tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá máa ń bá 35T dé 55T ṣọ̀rẹ́, bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ ìwọ̀n kékeré tí ó wọ́pọ̀. Bí a bá lo ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, iye náà lè dín kù. Ti TRX-4 jẹ́ 21T, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tóbi.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni ó wà. Ti àkọ́kọ́ ni oníbúrọ́ọ̀ṣì, èyí tí èédú kéékèèké méjì ń fi ara kan ibi tí ń yí nínú rẹ̀ kí iná lè wọlé. Kò wọ́n, ó rọrùn láti lóye, ó sì máa ń gbéra jẹ́jẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé èédú náà ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń wọ inú omi àti ẹrẹ̀. Ti èkejì ni aláìníbúrọ́ọ̀ṣì. Ó lágbára, ó sì ń pẹ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ohun tí ń sọ fún ẹ̀rọ adarí ibi tí ìyípo rẹ̀ dé, ńṣe ni yóò máa ta gìrì gìrì nígbà tí a bá fẹ́ kí ó rọra gbéra. Irú ìtagìrì bẹ́ẹ̀ lórí àpáta tó láti já táyà kúrò ní ibi tí ó dì mú. Ẹni tí ó bá fẹ́ aláìníbúrọ́ọ̀ṣì fún eré yìí, kí ó wá èyí tí ó ní ohun atọ́ka ìyípo náà nínú.

Ẹ̀rọ adarí-iná

Láàárín bátìrì àti ẹ̀rọ ayítáyà ni ẹ̀rọ adarí-iná wà, èyí tí gbogbo àwọn tí ń ṣe eré yìí mọ̀ sí ESC. Òun ni ó ń pinnu iye iná tí yóò kọjá, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ṣe tẹ rìmóòtù. A lè fi í wé ẹnu ẹ̀rọ omi tí a ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á bèèrè nípa rẹ̀ kí á tó san owó.

Èkíní, fólùtì mélòó ni ó lè gbà? ESC tí a ṣe fún bátìrì fólùtì 7.4 nìkan yóò jó bí a bá so ó mọ́ ti fólùtì 11.1. Èkejì, áńpíà mélòó ni ó lè gbé kọjá láìgbóná jù? Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ìgbà tí táyà bá há sí àárín òkúta méjì tí ẹ̀rọ kò sì lè yí ni iná tí ń kọjá máa ń pọ̀ jù lọ. Ẹ̀rọ tí ó dúró sójú kan tí iná sì ń wọ inú rẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn láti lo iná náà ju kí ó sọ ọ́ di ooru lọ.

Ẹ̀kẹta, ṣé ó mọ bí a ṣe ń dúró lórí òkè? Ìbéèrè yìí ni àwọn tuntun kì í rántí. Ọ̀pọ̀ ESC tí a ṣe fún ọkọ̀ asáré ni ó máa ń jẹ́ kí táyà yí fàlàlà nígbà tí ọwọ́ bá kúrò lórí rìmóòtù. Bí ọkọ̀ bá wà ní ìdajì àpáta nígbà náà, ẹ̀yìn ni yóò fi sọ̀ kalẹ̀. ESC ti agun-àpáta máa ń di ẹ̀rọ ayítáyà mú lọ́gán tí ọwọ́ bá ti kúrò, a sì lè tò ó kí ìdìmú náà le dé òpin. Bákan náà, ti ọkọ̀ asáré máa ń bèèrè pé kí á kọ́kọ́ tẹ búréèkì, kí á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí ó tó gbà láti lọ sẹ́yìn. Ti agun-àpáta ń ti iwájú bọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí táyà rẹ̀ ti fẹ́ yọ̀ kúrò lórí òkúta kò ní àyè àtẹ̀túntẹ̀.

Servo àti oúnjẹ rẹ̀

Servo ni ẹ̀rọ kékeré tí ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún tàbí sósì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí táyà bá wọ àárín òkúta, tí gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ sì fi ara tì í, servo tí kò lágbára yóò kàn máa kígbe láìṣe ohunkóhun. Agbára servo ni a ń fi kílò àti sẹ̀ǹtímítà wọ̀n. Èyí tí ó jẹ́ kílò 25 lè gbé ẹrù kílò 25 tí a bá so mọ́ apá rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí ibi tí ó ti ń yí. Fún ọkọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá, kílò 15 dé 25 máa ń tó.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìbáramu tún ti yọjú. Servo kì í sábà gba iná tààrà láti ara bátìrì. Nínú ESC, ẹ̀ka kan wà tí ń dín fólùtì bátìrì kù sí nǹkan bí 6 tàbí 7.4, tí ó sì ń fi bọ́ servo àti ẹ̀rọ agbàṣẹ. BEC ni wọ́n ń pe ẹ̀ka yìí. Bí BEC bá lè pèsè áńpíà 3, tí servo alágbára kan sì fẹ́ áńpíà 5 nígbà tí táyà há, fólùtì yóò já wálẹ̀ lójijì. Ẹ̀rọ agbàṣẹ, tí òun pẹ̀lú ń jẹ láti inú abọ́ kan náà, yóò kú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ọkọ̀ kò ní gbọ́ ohun tí rìmóòtù ń wí mọ́. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò rò pé rìmóòtù ni ó bàjẹ́, yóò lọ ra tuntun, ìṣòro kò sì ní tán, nítorí pé kì í ṣe etí ni ó ń dun ọkọ̀ náà, ebi ni.

Nínú ọkọ̀ bí TRX-4, yàtọ̀ sí servo tí ń yí táyà iwájú, àwọn servo kéékèèké mẹ́ta tún wà tí ń pààrọ̀ jíà tí wọ́n sì ń de táyà pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá wá fi servo ńlá rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ka ohun tí a kọ sí ara ESC rẹ̀. Bí oúnjẹ kò bá ní tó, a lè ra BEC tí ó dá dúró, kí á so ó mọ́ bátìrì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí BEC tuntun yìí bá ń bọ́ ẹ̀rọ agbàṣẹ, a ní láti yọ wáyà pupa tí ó ti ara ESC wá sí ẹ̀rọ agbàṣẹ, kí BEC méjì má baà máa bá ara wọn jà nínú ilé kan.

Ní ti ẹ̀rọ agbàṣẹ àti rìmóòtù, ìṣòro àtijọ́ ti dínkù púpọ̀. Nígbà tí a ń lo ìgbì mẹ́gáhááṣì 27, bí ọkọ̀ méjì bá bọ́ sí ojú ọ̀nà kan náà, ọ̀kan yóò máa jẹ́ ìpè èkejì. Àwọn ti òde òní tí ń lo gígáhááṣì 2.4 máa ń mọ ẹni tí ó ni wọ́n. Ohun tí ó kù láti ṣọ́ ni omi: kí á rí i pé inú àpótí tí ó dé dáadáa ni ẹ̀rọ agbàṣẹ wà.

Bátìrì

Ní báyìí, a ti mọ ohun tí àwọn ẹ̀rọ náà fẹ́. Irú bátìrì méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú eré yìí. Ti àkọ́kọ́ ni a fi níkẹ́ẹ̀lì ṣe, tí wọ́n ń kọ NiMH sí ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọmọ bátìrì kọ̀ọ̀kan tí a so pọ̀, jẹ́ fólùtì 1.2, mẹ́fà nínú rẹ̀ jẹ́ fólùtì 7.2. Ara rẹ̀ le, ó máa ń fara da àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó wúwo. Ti èkejì ni a fi lítíọ́mù ṣe, tí wọ́n ń pè ní LiPo. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kan jẹ́ fólùtì 3.7. Bí a bá kọ 2S sí i, sẹ́ẹ̀lì méjì ni, fólùtì 7.4. Bí ó bá jẹ́ 3S, mẹ́ta ni, fólùtì 11.1. Nínú ìdílé bátìrì lítíọ́mù ni ó wà, ìdílé tí ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní ọdún 1991, tí wọ́n sì torí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019.

Èwo ni kí á yàn, 2S tàbí 3S? Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Agbára ni fólùtì tí a fi áńpíà sọ di púpọ̀. Bí iṣẹ́ kan bá fẹ́ wáàtì 74, bátìrì fólùtì 7.4 yóò fi áńpíà 10 ṣe é. Ti fólùtì 11.1 yóò fi áńpíà 6.67 ṣe iṣẹ́ kan náà. Ooru tí ń wà nínú wáyà kan kì í tẹ̀ lé áńpíà bẹ́ẹ̀ lásán. Áńpíà tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100, 6.67 lọ́nà 6.67 sì jẹ́ nǹkan bí 44. Ooru inú wáyà ti dín sí ohun tí kò tó ìdajì. Ṣùgbọ́n fólùtì tí ó ga yìí yóò tún mú kí ẹ̀rọ ayítáyà yára ní ìdajì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yan 3S, kí ó yan ẹ̀rọ tí a wé wáyà rẹ̀ púpọ̀ sí i láti fà á sẹ́yìn. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti rí ẹ̀sọ̀, ó sì ti rí ìtutù. Bí ó bá yan 3S láìyí ẹ̀rọ padà, eré ni yóò rí.

Lẹ́tà mAh ń sọ bí bátìrì ṣe lè pẹ́ tó. Èyí tí ó jẹ́ 2200 mAh lè pèsè áńpíà 2.2 fún wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá ń mu áńpíà 3 ní ìpíndọ́gba, yóò tán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 44. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í lò ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Lẹ́tà C ní tirẹ̀ ń sọ bí iná ṣe lè tú jáde kíákíá tó: 2200 mAh tí ó jẹ́ 30C yẹ kí ó lè tú áńpíà 66 jáde. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í gbára lé nọ́ńbà yìí pátápátá, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fẹ́ ẹ lójú. Ọkọ̀ agun-àpáta pàápàá kì í sábà nílò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó ṣe kókó ju C lọ ni ìwúwo. Bátìrì 3S ti 2200 mAh wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 180. Ti 5000 mAh lè sún mọ́ 400. Ẹni tí ó ra ti ńlá ti fi nǹkan bí gíráàmù 200 kún ẹrù ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju kílò méjì sí mẹ́ta lọ. Bí ẹrù náà bá wà lókè, ọkọ̀ yóò máa takìtì bí ẹni tí ó ru igbá wúwo gba ojú ọ̀nà yíyọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ eré yìí fi ń yan bátìrì kékeré, tí wọ́n ń gbé e sí ìsàlẹ̀, níwájú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá kọ ojú sí òkè, ẹ̀yìn ni ìwọ̀n rẹ̀ máa ń sún lọ. Ẹrù iwájú ni ó ń dì í mọ́lẹ̀. Bátìrì kékeré méjì tí a ń pààrọ̀ sàn ju ńlá kan tí ń dojú ọkọ̀ délẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré

Bátìrì LiPo kì í fara da àṣejù. Bí ó bá kún, sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọdọ̀ ju fólùtì 4.2 lọ. Bí ó bá ń tán, kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ 3.0. Bí a bá fa iná inú rẹ̀ kọjá ibẹ̀, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, ó lè wú bí ìyàn, ó sì lè gbiná nígbà tí a bá tún ń fún un ní iná. Ìdí nìyí tí ESC fi ní ohun tí ń gé iná kí bátìrì tó tán jù. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ESC kan, ènìyàn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó sí LiPo tàbí sí NiMH. Bí a bá gbàgbé rẹ̀ sí NiMH, ọkọ̀ yóò máa rìn lọ títí yóò fi pa bátìrì LiPo, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ láàárín eré àti ìjàǹbá lè jẹ́ bọ́tìnnì kékeré kan tí kò tó èékánná.

Bí a bá ṣeré tán, kí á yọ bátìrì kúrò nínú ọkọ̀. Pípa ọkọ̀ nìkan kò tó, nítorí pé ESC lè máa mu iná díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí bátìrì yóò fi kú. Bí a kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí fólùtì 3.8, kí ó má kún, kí ó má sì ṣófo. Kí á má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa.

Ṣájà tí a ṣe fún LiPo nìkan ni kí á fi fún un ní iná, kí á sì so wáyà tín-ín-rín tí ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbogbo kún bákan náà. Iye iná tí ó dára ni èyí tí ó bá iye mAh rẹ̀ mu: áńpíà 2.2 fún 2200 mAh. Kí á gbé e sí orí ohun tí kò lè jó, bí sìmẹ́ǹtì tàbí àwo amọ̀, kí á má gbé e sí orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tábìlì pákó, kí á má sì fi í sílẹ̀ lọ sùn. Bátìrì tí ó bá ti wú kò ní àtúnṣe. Kí ẹnikẹ́ni má gún un, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Kí á gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àlòkù. Bí ó bá gbiná, kí á kọ́kọ́ kó àwọn ènìyàn jáde, nítorí pé èéfín rẹ̀ jẹ́ májèlé, kí á sì pe àwọn panápaná.

Ìmọ̀ràn kan tún wà fún ẹni tí ń bọ̀ láti òkè òkun, tí ó sì fẹ́ mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bọ̀ fún àbúrò tàbí ọmọ ní ilé. Bátìrì lítíọ́mù tí kò sí nínú ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wà nínú àpótí tí a óò fi sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Ọwọ́ ni a ń gbé e, ẹnu wáyà rẹ̀ sì gbọdọ̀ wà ní bíbò kí ọ̀kan má baà kan èkejì. Bí ọmọ tí ó ni ọkọ̀ kò bá ní àgbàlagbà tí ó mọ gbogbo ohun tí a ti sọ yìí lọ́dọ̀, NiMH ni kí wọ́n rà fún un. Ọkọ̀ náà yóò wúwo díẹ̀, kò sì ní lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Ìbéèrè márùn-ún

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wá ọ̀nà tí òfin iná mànàmáná yóò fi wọ akẹ́kọ̀ọ́ lára, ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré yìí. Ẹ gbé ìbéèrè márùn-ún síwájú wọn. Irú iṣẹ́ wo ni ọkọ̀ náà fẹ́ ṣe, eré ni tàbí ìgun-òkè? Ẹ̀rọ ayítáyà wo ni ó lè ṣe iṣẹ́ náà jẹ́jẹ́? ESC wo ni ó lè gbé áńpíà rẹ̀, tí ó sì lè dì í mú lórí òkè? Ṣé BEC rẹ̀ tó láti bọ́ servo tí a yàn? Bátìrì wo ni ó bá gbogbo wọn mu ní fólùtì, ní ìwúwo àti ní ààbò? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tò wọ́n báyìí, tí ó fi bátìrì kẹ́yìn, kò ní ṣòro fún un láti mọ ìdí rẹ̀ tí ẹ̀rọ kan fi ń jó tí òmíràn kò sì jó.

Ẹni tí ó bá ti ibi bátìrì bẹ̀rẹ̀, agbára ni ó rà, kò tíì mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ẹni tí ó bá ti ibi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀nba ni yóò rà, ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì máa gun àpáta lọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ẹni àkọ́kọ́ bá ń yọ èéfín ní ìsàlẹ̀ òkè.